Irú adìẹ wo ló ń yé déédéé nígbà ooru tó kún fún ọ̀rinrin?

Ọlọ́gbàẸ̀yìnkùlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adìẹ mọ́kànlá ni mo ní nígbà tí ooru ọdún tó kọjá wọlé: Orpington mẹ́fà, Brahma mẹ́ta, àti Leghorn funfun méjì tí ẹnì kan fi ta mí lọ́rẹ. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí atẹ́gùn kò fẹ́, tí aṣọ tí a sá sórí okùn láàárọ̀ kò gbẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, mẹ́rin ló kú nínú wọn: Orpington méjì, Brahma méjì. Láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wọn ń kú. Inú àpótí tí wọ́n ń yé sí ni mo ti bá èyí tó kú kẹ́yìn, Orpington kan. Ó sàba lé ẹyin mẹ́ta, àgógó rẹ̀ là sílẹ̀, ẹyin abẹ́ rẹ̀ sì gbóná débi pé n kò lè gbá a mú sọ́wọ́ pẹ́.

Àwọn Leghorn méjì yẹn ń ta ilẹ̀ kiri ní tiwọn bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń yé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèpo ẹyin wọn fẹ́lẹ́ gan-an lóṣù náà.

Mo fẹ́ ra òmíràn báyìí. Ọgbà mi kò tóbi, àwọn aládùúgbò sì wà nítòsí, nítorí náà n kò fẹ́ adìẹ aláriwo. Ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀ lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan ti tó mi. Wàhálà mi ni pé gbogbo ìwé tí mo kà ló kọ "ó ń fara da ooru" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìdajì ẹ̀yà adìẹ tó wà láyé, títí kan Orpington tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n máa wò gan-an lára adìẹ kí n tó rà á?

ÌyáOlógbe

Ẹ kú àdánù. Àwọn àgbà máa ń wí pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni òwe yẹn ń sọ, ó sì bá a mu. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìyẹ́ adìẹ wò lóòótọ́, a kò ní bá òógùn kankan níbẹ̀, nítorí pé adìẹ kì í làágùn rárá. Ara adìẹ tó dá ṣáṣá pàápàá máa ń gbóná tó nǹkan bíi 41°C, ọ̀nà tó sì ní láti fi lé ooru jáde kò pọ̀. Díẹ̀ ń gba ojú awọ tí kò ní ìyẹ́ jáde, ìyẹn ogbe orí, awọ pupa tó so rọ̀ lábẹ́ àgógó, àti ẹsẹ̀. Bí èyí kò bá tó mọ́, á la ẹnu, á na apá méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí omi tó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lè máa gbẹ lọ pẹ̀lú ooru ara.

Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rinrin ti ń ká wọn mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, omi ọ̀nà ọ̀fun kò ríbi gbẹ lọ. Aṣọ yín tí kò gbẹ lórí okùn àti adìẹ yín tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí asán, ọ̀ràn kan náà ni. Adìẹ tó la 38°C já níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ lè kú sí 34°C níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ka "ó ń fara da ooru" nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè irú ooru tí òǹkọ̀wé náà ní lọ́kàn, nítorí ooru aṣálẹ̀ kì í ṣe ooru etí òkun.

Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni bí adìẹ ṣe tóbi tó. Abo Leghorn kì í ju nǹkan bíi kílò méjì lọ, Orpington máa ń tó kílò mẹ́ta àbọ̀, Brahma sì lè kọjá mẹ́rin. Bí ara bá ṣe tóbi tó ni ooru tó ń ti inú rẹ̀ wá ṣe ń pọ̀ tó, ojú awọ tí ooru yẹn máa gbà jáde kò sì pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń wo ogbe. Ẹ wo abo Leghorn yín dáadáa: ogbe rẹ̀ tóbi débi pé ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ kan. Ẹ fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án ọjọ́ tí ooru bá mú, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ooru wá síbẹ̀ láti tú u dànù. Ogbe Brahma kò ju èso kékeré kan lọ lórí rẹ̀, ìyẹ́ sì tún bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọmọ ìka, nítorí náà ọ̀nà méjì ló ti dí mọ́ ọn kí ooru tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé Brahma burú. Ibi òtútù ló bá a lára mu. Chantecler tí àwọn ará Kánádà ṣe rèé: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ogbe rẹ̀ kù kí òtútù má baà jẹ ẹ́ ni. Ohun tó gbà á sílẹ̀ lọ́hùn-ún ló máa pa á lọ́dọ̀ yín.

Àwọn ẹ̀yà tó ti ẹ̀bá Òkun Mẹditaréníà wá ni kí ẹ fojú sí: Leghorn àti Ancona láti Ítálì, Minorca àti Andalusian láti Sípéènì. Gbogbo wọn fúyẹ́, ogbe wọn tóbi, wọn kì í sì í fẹ́ sàba.

Fẹ́ńsìFunfun

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yìí ti pọ̀ jù. Ilé ló ń pa adìẹ. Orpington ni mo ń sìn láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ooru ibi tí mo wà kò sì kéré. Mo yọ pákó ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ mi kúrò ní apá mẹ́ta, mo fi wáyà oníhò rọ́pò rẹ̀. Mo kun páànù rẹ̀ ní funfun. Mo sì fi rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ tó ń fọ́n omi bí ìrì sókè orí wọn. Méjì péré ló tíì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Akọ́mọdìẹ

Ti wáyà àti páànù funfun yẹn, mo fara mọ́ ọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ti omi tó ń fọ́n bí ìrì ni mo fẹ́ kí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ṣọ́ra fún. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ìrì yẹn á gbẹ kó tó dé ilẹ̀, á sì mú kí ibẹ̀ tutù. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, kò ní gbẹ. Ṣe ni ó kàn máa fi omi kún afẹ́fẹ́ tó ti kún tẹ́lẹ̀, èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ á rin gbingbin, òórùn ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lójú, àrùn inú ìfun sì máa ń gbèrú nínú ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀. Èmi ti ṣe é rí, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kó ilẹ̀ ilé adìẹ dànù.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni fáànù tí mo gbé sílẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú àyà adìẹ, tó ń fẹ́ lu wọ́n lára gan-an, tí kì í ṣe sókè lábẹ́ páànù. Mo tún gbé ọpọ́n pẹrẹsẹ kan tí omi rẹ̀ kò ju ìka méjì jíjìn lọ sí abẹ́ igi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kàn dúró yí i ká. Lọ́jọ́ kẹta, mo bá méjì tí wọ́n dúró nínú rẹ̀ gbọnyìn, tí wọ́n dijú bí àgbàlagbà tó ki ẹsẹ̀ bọ omi lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ ni mo ń sọ o. Brahma tó bá ki ẹsẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ bọ ọ́, ẹrẹ̀ ló máa gbé wọlé.

ÀdánìkanSìnwọ́n

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ adìẹ ọlọ́rùn ìhòòhò, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé so mọ́ Transylvania ní Ròmáníà. Àbùdá kan ṣoṣo ló ń fa ìhòòhò yẹn, kò sì mọ sí ọrùn nìkan: ó ń dín ìyẹ́ gbogbo ara kù. Èyí tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìyẹ́ kéré sí adìẹ mìíràn. Èyí tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan péré, tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ojú lásán la fi ń dá wọn mọ̀: èyí tó ní ẹyọ àbùdá náà kan máa ń fi ìdì ìyẹ́ kékeré kan sílẹ̀ níwájú ọrùn, bí ìgbà tí wọ́n so aṣọ ìjẹun mọ́ ọmọ lọ́rùn, èyí tó ní méjì, ọrùn rẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́.

Ìwúlò rẹ̀ ni pé ẹ lè mú àkùkọ ọlọ́rùn ìhòòhò gun abo tó mọ ẹyin yé, kí àwọn ọmọ jogún ẹyọ kan, kí wọ́n sì máa yé dáadáa. Bí àkùkọ náà bá ní méjì, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló máa jáde bẹ́ẹ̀. Ara wọn balẹ̀, wọn kì í pariwo bíi Leghorn. Ẹ fún wọn ní ibòji ṣá, nítorí oòrùn lè jó awọ ọrùn wọn.

Nípa ilé àti ẹ̀yà, mi ò rò pé ó yẹ kí a máa jà. Ẹni tó sọ pé adìẹ méjì péré ló kú kò sọ iye ẹyin tí àwọn tó kù yé lóṣù náà.

Fẹ́ńsìFunfun

Òótọ́ ni. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má yé rárá. Ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ láti ara adìẹ mẹ́sàn-án, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo máa ń kà á sí ìsinmi wọn.

Ọlọ́gbàẸ̀yìnkùlé

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo fi àwòrán adìẹ ọlọ́rùn ìhòòhò han ìyàwó mi, ó wò ó títí, ó ní ṣé igún ni mo fẹ́ kó wálé. Àwọn ọmọ ní tiwọn ti fún un lórúkọ kí n tó rà á.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n lọ ra Australorp dúdú, pé kò sí adìẹ tó mọ ẹyin yé tó o. Ẹlòmíràn ní kí n ra àwọn pupa tí iléeṣẹ́ ń dàlù, irú ISA Brown. Ṣé wọ́n dára fún ibi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀?

Akọ́mọdìẹ

Australorp ní ìtàn tó dùn. Ara Orpington ni àwọn ará Ọsirélíà ti ṣà á jáde. Nínú ìdíje ẹyin ọdún 1922 sí 1923, abo mẹ́fà yé ẹyin 1,857 láàárín ọjọ́ 365, èyí tó jẹ́ 309 lé díẹ̀ lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn yẹn ń fi hàn ni bí wọ́n ṣe ṣà wọ́n nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀rí pé èyí tí ẹ máa rí rà lónìí á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wúwo ju Leghorn lọ dáadáa, dúdú sì ni. Àwọ̀ dúdú ń fa ooru bí oòrùn bá ń pa á ní tààrà. Lábẹ́ ibòji, ìyàtọ̀ àwọ̀ kò tó nǹkan. Bí ibòji yín bá pọ̀, tí fáànù sì wà, ó lè ṣe é, ara rẹ̀ sì balẹ̀ gan-an. Èmi kì bá fi í ṣe olórí agbo níbẹ̀ yẹn.

ISA Brown kò sanra, ẹyin rẹ̀ tóbi, ó sì lè kọjá 300 lọ́dún àkọ́kọ́. Ibi tó ti ń kù díẹ̀ ni pé iye ẹyin yẹn kò ṣeé yé láìjẹun. Adìẹ tí ooru mú kì í fẹ́ jẹun, nítorí pé oúnjẹ tó ń dà nínú pàápàá ń dá ooru sílẹ̀. Ẹ wá wo adìẹ tí ara rẹ̀ ń sọ pé kó yé lójoojúmọ́, tí kò sì rí oúnjẹ tó tó jẹ: ara rẹ̀ ló máa fi yé e, á rù, ẹyin á kéré, èèpo á fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rà á, ẹ gbé oúnjẹ fún un kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa àti lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò láàárín ọ̀sán. Omi ni kò gbọ́dọ̀ kúrò. Lásán, adìẹ ń mu omi tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀. Nígbà ooru ó lè di ìlọ́po mẹ́rin, omi gbígbóná kì í sì í wù wọ́n mu. Ẹ gbé ike omi sí ibòji, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án.

AjíléẸyẹ

Ẹ jẹ́ kí n yára dárúkọ Fayoumi ti Íjíbítì kí ẹnì kan tó wá yìn ín láìsọ ìyókù. Kò sí ooru tó lè mú un, àrùn kì í sì í tètè rí i gbé ṣe. Mo ní márùn-ún. Ẹyin rẹ̀ kéré, kò sì pọ̀ tó ti Leghorn. Orí igi ni ó fẹ́ máa sùn. Bí ẹ bá sì dì í mú, igbe tó máa ké á jẹ́ kí aládùúgbò rò pé ẹ ń pa ènìyàn. Pẹ̀lú ọgbà kékeré àti aládùúgbò nítòsí, ẹ gbàgbé rẹ̀.

ÌyáOlógbe

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún un, èyí àkọ́kọ́ ni mo sì kà sí pàtàkì jù lọ. Ẹ bi ẹni tó ń ta adìẹ fún yín níbi tó ti ń sìn wọ́n àti bí ooru ibẹ̀ ṣe rí. Leghorn tí ìdílé rẹ̀ ti gbé ibi olóoru fún ìran bíi mẹ́jọ, tí àwọn tí kò lè fara dà á ti kú dànù nínú wọn, yàtọ̀ sí Leghorn tí a tọ́ nínú ilé tí ẹ̀rọ ń mú tutù. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ara wọn kò dọ́gba. Mo gbà kí ènìyàn ra Rhode Island Red láti ọwọ́ ẹni tó ń gbé nínú ooru kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ju kí ó ra ẹ̀yà tó gbajúmọ̀ láti ibi tó tutù.

Èkejì ni àkókò. Ẹ má rà wọ́n nígbà tí ooru bá ti dé góńgó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín ṣáájú, kí ara wọn lè mọ́ ooru náà lára díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ooru òjijì ló ń pa adìẹ jù, ìyẹn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn abo tó ti dàgbà tí ọ̀rá sì ti bo inú wọn ló ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta ni èèpo fífẹ́lẹ́ tí ẹ rí lára Leghorn yín, nítorí pé ẹ máa tún rí i. Bí adìẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń mí afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde ju bó ṣe yẹ lọ, èyí sì ń yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà débi pé kálísíọ́ọ̀mù tó yẹ kó di èèpo kì í tètè dé ibi iṣẹ́. Ẹ wá fi kún un pé kò jẹun tó. Nǹkan bí ogún wákàtí ni èèpo fi ń dì lára ẹyin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ lóru nígbà tí adìẹ ti wọ̀. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa gbé èèpo ìṣáwùrú lílọ̀ síwájú wọn, nínú àwo tirẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣà á jẹ. Yóò dín in kù. Kò ní mú un kúrò pátápátá.

Àbí kí n sọ ọ̀kan sí i: ẹyin tó bá pẹ́ lábẹ́ adìẹ lọ́sàn-án lè mú un sàba, àpótí ìyé sì ni ibi tó gbóná jù nínú ilé adìẹ. Orpington yín tó kú níbẹ̀ kò ráyè gba atẹ́gùn kankan. Ẹ máa kó ẹyin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ẹ sì gbé èyíkéyìí tó bá ń sàba jáde.

Ọlọ́gbàẸ̀yìnkùlé

Mo ti pinnu. Leghorn mẹ́ta ni mo máa rà kún méjì tó wà nílẹ̀, láti ọwọ́ obìnrin kan tí ibùdó rẹ̀ wà nínú irú ooru tí mo wà, pẹ̀lú ọlọ́rùn ìhòòhò mẹ́ta tí ìyá wọn jẹ́ Rhode Island Red. Ìdì ìyẹ́ yẹn wà níwájú ọrùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Ìyàwó mi ní òun kò ní bọ́ igún, ṣùgbọ́n òun lè kó ẹyin rẹ̀.

Ọlọ́gbàẸ̀yìnkùlé

Mo padà wá jábọ̀ bí ooru ṣe ń lọ sílẹ̀ báyìí. Nínú adìẹ tuntun mẹ́fà àti Leghorn méjì àtijọ́, kò sí èyí tó kú. Lọ́sẹ̀ tó burú jù, nígbà tí òṣùwọ̀n inú ilé adìẹ ń ka 35°C tí ògiri sì ń lágùn omi, Leghorn márààrún yé ẹyin mẹ́rìndínlógún, àwọn ọlọ́rùn ìhòòhò yé mọ́kànlá. Mẹ́ta nínú ẹyin Leghorn fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ níbi tí a ti ń kó o. Tàwọn ọlọ́rùn ìhòòhò kò fọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Leghorn ń pariwo lóòótọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ó bá yé tán. Aládùúgbò apá òsì ti bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan; ẹyin mẹ́fà ni mo gbé lọ bẹ̀ ẹ́. Orpington mẹ́rin tó kù wà lábẹ́ fáànù, wọ́n yè, wọn kò yé ohun kan fún oṣù kan gbáko. Brahma tó kù ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé orí òkè, níbi tí alẹ́ ti ń tutù. Ó pè mí lánàá pé ó ti yé.